Ìdílé Gladstone àti Oko Ìrèké Demerara: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni William Ewart Gladstone ṣe olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1868 sí 1894, ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ló sì ń yìn ín bí olùfẹ́ òmìnira. John bàbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lórúkọ mọ́ lónìí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó bàbá ló rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Eton àti Yunifásítì Oxford, ẹ̀yìn àwọn ẹrú tó ń ṣiṣẹ́ oko ìrèké ní Demerara, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gùyánà lónìí, sì ni ọ̀pọ̀ nínú owó náà ti jáde. Àwọn ìbéèrè tí àwọn ènìyàn sábà máa ń béèrè nípa ìdílé yìí la kó jọ síhìn-ín. Ìdáhùn mìíràn gùn, òmíràn kò gùn, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni.

Ta ni John Gladstone?

Ará Leith ni, èbúté ìlú Edinburgh ní Skọ́tíláǹdì. Ọdún 1764 ni wọ́n bí i. Thomas bàbá rẹ̀ ń ta ọkà àti ìyẹ̀fun, John sì ni àgbà nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Gladstones ni orúkọ ìdílé náà tẹ́lẹ̀, John ló gé “s” ìparí rẹ̀ kúrò. Ní 1787 ó ṣí lọ sí Liverpool, ó dara pọ̀ mọ́ oníṣòwò ọkà kan tó ń jẹ́ Edgar Corrie, kò sì pẹ́ tí òwò rẹ̀ fi kọjá ti ọkà. Ó wọ òwò òwú, ó wọ òwò ṣúgà, ó ní ọkọ̀ òkun, ó ń ra ilé àti ilẹ̀. Aya àkọ́fẹ́ rẹ̀ kú láìbímọ. Ní 1800 ó fẹ́ Anne Robertson, ọmọ ìlú Dingwall ní òkè àríwá Skọ́tíláǹdì, òun ló bí Anne, Thomas, Robertson, John Neilson, William àti Helen fún un.

Ó ṣe aṣòfin ní London fún bí ọdún mẹ́sàn-án láti 1818. Ní 1829 ó ra ilé ńlá àti ilẹ̀ Fasque ní ìlà-oòrùn Skọ́tíláǹdì, ó sì padà síbẹ̀ lọ gbé ọjọ́ ogbó rẹ̀. Wọ́n fi í jẹ oyè Baronet ní 1846, irú oyè tó máa ń bọ́ sọ́wọ́ àkọ́bí ọkùnrin. Ó kú ní Fasque ní 1851.

Báwo ni ẹni tó ń ta ọkà ṣe di olóko ẹrú?

Gbèsè ló gbà wọlé. Olóko tó wà ní Demerara nígbà yẹn kì í sábà ní owó lọ́wọ́. Oníṣòwò tó wà ní Liverpool tàbí Glasgow ló ń yá a lówó. Oníṣòwò yìí kan náà ló ń fi ọkọ̀ kó aṣọ, irinṣẹ́ àti ẹja oníyọ̀ ránṣẹ́ sí i, òun náà ló sì ń bá a ta ṣúgà nígbà tó bá gúnlẹ̀. Kò sí èyí tí kì í jẹ èrè lé lórí: èlé owó, èrè ọjà, owó ọkọ̀, owó alárinà. Oko àti àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì ni olóko fi ń dúró fún gbèsè náà. Bí owó ṣúgà bá já wálẹ̀ tí olóko kò rí owó san, oníṣòwò á gba oko náà tilẹ̀-tẹrú.

Bí ọ̀rọ̀ ti Gladstone ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní 1803, ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún gba Demerara lọ́wọ́ àwọn ará Họ́láńdì, ó yá olóko Belmont lówó, wọ́n sì fi oko náà dúró lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1812 ó ní ìdajì oko kan tó ń jẹ́ Success, ó ra ìdajì tó kù ní 1816. Kọfí ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di oko ìrèké lábẹ́ rẹ̀, iye ẹrú tó wà níbẹ̀ sì di ìlọ́po méjì, ó lé ní 300. Ní 1826 ó ra Vreedenhoop ní £80,000, tẹrú-tilẹ̀. Ó tún ní oko ní Jàmáíkà.

Ṣé òun fúnra rẹ̀ ń fi ọkọ̀ kó ènìyàn láti Áfíríkà?

Òwò yẹn kọ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de kíkó ẹrú gba orí òkun láti 1807, kí ọ̀pọ̀ nínú oko rẹ̀ tó di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà kò tú ẹnikẹ́ni tó ti wà lóko sílẹ̀, kò sì sọ pé kí olóko má ra ènìyàn lọ́wọ́ olóko ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ gbèjà John Gladstone máa ń di í mú gan-an pé òun kọ́ ló kó wọn láti Áfíríkà. Ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ó dé Demerara rí?

Kò débẹ̀ rí títí ó fi kú. Lẹ́tà ló fi ń ṣàkóso. Frederick Cort ni aṣojú rẹ̀ níbẹ̀, ohun tí Cort bá sì kọ ló máa ń gbà gbọ́: pé oúnjẹ pọ̀, pé inú àwọn ẹrú dùn, pé iṣẹ́ wọn kò wúwo. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ Robertson lọ wo oko wọ̀nyí ní 1828 sí 1829, ó rí i pé ọ̀lẹ àti elẹ́tàn ni Cort, wọ́n sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé e: owó tí kò wọlé tó ni, ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ń nà kọ́.

Iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?

Kí a tó dé orí ìrèké, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Etíkun Gùyánà rẹlẹ̀ ju òkun lọ nígbà tí omi bá kún. Oko kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀já ilẹ̀ tóóró tó ti etí òkun wọ inú lọ: ògiri amọ̀ kan níwájú tó ń dá òkun dúró, òmíràn lẹ́yìn tó ń dá omi àbàtà dúró, kòtò omi tó gùn lọ bẹẹrẹ láàárín méjèèjì. Ṣọ́bìrì àti apá ènìyàn ni wọ́n fi gbẹ́ gbogbo rẹ̀, nínú ẹrẹ̀ tó lè mu ni dé itan. Bí òkun bá já ògiri, wọ́n tún un mọ. Bí ẹrẹ̀ bá dí kòtò, wọ́n tún un gbẹ́. Iṣẹ́ yìí kì í tán, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú iye ṣúgà tí aṣojú ń kà ránṣẹ́ sí Liverpool.

Lẹ́yìn èyí ni ìrèké ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kàn. Wọ́n á gbìn, wọ́n á ro, wọ́n á gé, wọ́n á dì í sínú ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó ń gba inú kòtò omi lọ sí ilé ìfúntí. Ìrèké tí wọ́n bá ti gé kò ṣeé tọ́jú, oje rẹ̀ yóò kan. Nítorí náà, ní àsìkò ìkórè wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọ òru ní ilé ìsè ṣúgà, níwájú ìkòkò ńláńlá tó ń hó. Ẹni tí oorun bá gbé nídìí ẹ̀rọ ìfúntí lè fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní oko, ẹrú bíi tiwọn ni wọ́n ń fi ṣe olórí òṣìṣẹ́, pàṣán a sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, tọkùnrin tobìnrin ló ń nà. Iye tó ń kú ní Demerara ju iye tí wọ́n ń bí lọ. Kọfí kò pa ènìyàn tó ìrèké, gbogbo olóko ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, títí kan ẹni tó ní kí wọ́n fi ìrèké rọ́pò kọfí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1823?

Quamina ni orúkọ tó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà àgbà ni ní Success. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ láti Áfíríkà. Ó tún jẹ́ àgbà díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì Bẹ́tẹ́lì tó wà ní oko Le Resouvenir nítòsí, níbi tí John Smith, míṣọ́nárì láti ẹgbẹ́ London Missionary Society, ti ń wàásù láti 1817. Ní 1822, Peggy, aya Quamina, dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọn kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá tọ́jú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá òkú rẹ̀ nílẹ̀.

Jack, ọmọ rẹ̀, ń kan àgbá tí wọ́n ń rọ ṣúgà sí ní oko kan náà. Jack Gladstone ni wọ́n ń pè é. Orúkọ ọ̀gá tí kò fojú kàn án rí ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ní ọdún 1823, ìjọba London kọ̀wé sí àwọn gómìnà pé kí wọ́n mú ìyà ẹrú rọrùn: kí wọ́n má na obìnrin mọ́, kí wọ́n má mú pàṣán lọ sóko mọ́. Ìwé náà dé ọ̀dọ̀ Gómìnà John Murray, òun àti àwọn olóko sì pa á mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé oúnjẹ sórí tábìlì ọ̀gá ní etí. Ọ̀rọ̀ náà ràn láti ilé ìdáná dé oko, nígbà tí yóò fi dé etí Jack, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọba ti dá wọn sílẹ̀, àwọn aláwọ̀ funfun ló jókòó lé ìwé òmìnira. Jack fẹ́ kí wọ́n dìde lójú ẹsẹ̀. Quamina ní kí wọ́n fara balẹ̀, kí wọ́n kàn da iṣẹ́ dúró, kí ẹnikẹ́ni má ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ, wọ́n dìde. Láti Success ni ó ti ràn kálẹ̀ sí bí ọgọ́ta oko ní etíkun ìlà-oòrùn Demerara, àwọn tó dìde sì lé ní 10,000. Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn alábòójútó, wọ́n kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, àbà kan náà tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹrú. Àwọn aláwọ̀ funfun tó kú nínú gbogbo rẹ̀ kò ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá mọ ìtàn ọ̀tẹ̀ ẹrú ní ibòmíràn yóò mọ̀ pé èyí ṣàjèjì, ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Bẹ́tẹ́lì àti ọ̀rọ̀ Quamina sì hàn nínú rẹ̀ kedere.

Ìjọba kò fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mú wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, ní oko Bachelor's Adventure, Ọ̀gágun Leahy àti àwọn ṣọ́jà rẹ̀ bá bí ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn pàdé. Leahy bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń fẹ́. Àwọn kan ní ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀ fún ara àwọn, pẹ̀lú ọjọ́ ìsinmi, àwọn mìíràn ní òmìnira pátápátá. Ó ní kí wọ́n túká, wọn kò túká, ni ìbọn bá dún. Bí igba ènìyàn ni wọ́n pa níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kóòtù bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń so ènìyàn kọ́, wọ́n ń gé orí, wọ́n ń fi orí náà kọ́ igi lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án wọ́n yìnbọn pa Quamina nínú igbó. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Success, wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀nì gbé e rọ̀ níwájú oko kí gbogbo ènìyàn lè máa wò ó. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún Jack, wọ́n tún yí i padà, wọ́n kó o lọ sí erékùṣù St Lucia.

John Smith náà kò bọ́. Kóòtù ológun dá ẹjọ́ ikú fún un pé ó mọ̀ sí ọ̀tẹ̀ náà. Ikọ́ tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ pa á sínú ẹ̀wọ̀n ní ọjọ́ 6 oṣù kejì 1824, kí ìwé ìdáríjì ọba tó dé. Ikú rẹ̀ ló mú kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbóná. Wọ́n pe Smith ní ajẹ́rìíkú Demerara, wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ jà nílé aṣòfin. Òkú kan tó jẹ́ funfun ló ṣe ohun tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún òkú dúdú kò lè ṣe.

Ṣé Yorùbá ni Quamina?

Rárá. Orúkọ àwọn Akan ilẹ̀ Gánà ni, Kwamina, ọmọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn ènìyàn wa dé Gùyánà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a mọ̀ dájú dé lẹ́yìn tí oko ẹrú ti parí. Wọ́n jẹ́ àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n kó lọ sí Sàró, tí wọ́n sì tún ti ibẹ̀ kó lọ ṣiṣẹ́ oko ìrèké láti ọdún 1840 síwájú. Akú ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀ bíi ti Sàró. Orúkọ wa kò parẹ́ lẹ́nu wọn: ẹgbẹ́ olórin ìbílẹ̀ kan tó gbajúmọ̀ ní Gùyánà ń jẹ́ Yoruba Singers.

Kí ni John Gladstone fèsì nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóko rẹ̀?

Ó gbé gègé. James Cropper, oníṣòwò ní Liverpool tó jẹ́ ọmọ ìjọ Kristẹni tí wọ́n ń pè ní Quaker, ti ń kọ lòdì sí oko ẹrú nínú ìwé ìròyìn, Gladstone sì dá a lóhùn. Wọ́n kọ lẹ́tà síra wọn ní gbangba láti ìparí 1823 wọ 1824, wọ́n sì tẹ gbogbo rẹ̀ jáde. Gladstone ní àwọn olóko kò ṣẹ̀, òfin ilẹ̀ ló gbà wọ́n láyè, àti pé bí ìjọba bá fẹ́ mú ẹrú kúrò lọ́wọ́ ẹni, kó san owó rẹ̀. Àwọn ènìyàn tètè rán Cropper létí pé òun náà ń ta ṣúgà láti Íńdíà, bí ṣúgà Demerara bá sì wọ́n, tirẹ̀ á tà. Òótọ́ ni. Ó tún jẹ́ òótọ́ pé ohun tó ń sọ nípa pàṣán kì í ṣe irọ́.

Èló ni ìjọba san, ta ni wọ́n sì san án fún?

Ní 1833 ilé aṣòfin ṣe òfin tó fòpin sí oko ẹrú, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1834. Owó gbà-máà-bínú wà nínú òfin náà: £20,000,000, bí ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo owó tí ìjọba ń ná lọ́dún kan. Àwọn olóko ni wọ́n ní kí wọ́n máà bínú. Àwọn ẹrú kò gba kọ́bọ̀.

Ti John Gladstone jẹ́ £106,769 lórí ènìyàn 2,508 ní oko mẹ́sàn-án, ó sì wà lára àwọn tó gbà jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí: wọ́n pín àwọn ẹrú sí ìsọ̀rí, oníṣẹ́ ọwọ́, aroko, ọmọdé, arúgbó, wọ́n sì fi iye lé ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí iye tí wọ́n ń ta ènìyàn ní ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ẹrú wọ́n ní Gùyánà ju Jàmáíkà lọ, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní oko ní Demerara fi gba owó gọbọi.

Ìjọba yá owó láti san án, Nathan Rothschild àti Moses Montefiore wà lára àwọn tó kó owó náà jọ. Wọ́n ń yí gbèsè náà padà láti inú ìwé gbèsè kan sí òmíràn títí di ọdún 2015, ọdún tí wọ́n san ìyókù rẹ̀ tán. Ẹ̀yin tó ti ń ṣiṣẹ́ ní London tàbí Manchester ṣáájú ọdún náà, tí ẹ sì ń san owó orí, owó yín wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ Gùyánà tàbí ọmọ Jàmáíkà tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Brixton.

Òmìnira náà kò sì tíì dé ní 1834. Òfin ní kí àwọn aroko máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá wọn àtijọ́ fún ọdún mẹ́fà sí i láìgba owó fún ọ̀pọ̀ wákàtí iṣẹ́ náà, wọ́n pè é ní ìkọ́ṣẹ́. Ìwọ̀fà tiẹ̀ mọ̀ pé òun jẹ owó. Gbèsè wo ni àwọn wọ̀nyí jẹ? Ní Essequibo, apá mìíràn ní Gùyánà, àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ ọ́, wọ́n kóra jọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ìjọba sì mú Damon tó wà lára àwọn aṣáájú wọn, wọ́n so ó kọ́ ní Georgetown, olú ìlú, ní oṣù kẹwàá 1834. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1838 ni wọ́n tó fòpin sí ìkọ́ṣẹ́ náà, ọdún méjì ṣáájú àsìkò.

Kí ni àwọn tó gba òmìnira fi bẹ̀rẹ̀ ayé?

Owó àdájọ ni. Wọ́n ti ń ta ẹ̀fọ́, ẹyẹlé àti adìyẹ lọ́jọ́ ìsinmi láti ayé ẹrú, wọ́n sì ń tọ́jú owó rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1839, àwọn mẹ́tàlélọ́gọ́rin láti oko mélòó kan da owó pọ̀, wọ́n ra oko Northbrook, wọ́n sì sọ ọ́ ní Victoria. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ni wọ́n fi ti owó ẹyọ lọ san. Ní 1840, àwọn méjìdínláàádóje mìíràn ra oko New Orange Nassau ní $50,000, wọ́n sì sọ ọ́ ní Buxton. Abúlé méjèèjì wà níbẹ̀ títí di òní, ní etíkun kan náà tí Success wà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nìyí: owó ìjọba ni Gladstone gbà lórí àwọn ẹrú. Àwọn ẹrú, owó ara wọn ni wọ́n fi ra ilẹ̀ tí àwọn bàbá wọn fi ṣọ́bìrì yọ nínú omi.

Ọ̀nà wo ni ọ̀rọ̀ yìí gbà kan àwọn ará Íńdíà?

Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní 1836, Gladstone kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ Gillanders, Arbuthnot ní Calcutta. Ó ti rí i pé bí ìkọ́ṣẹ́ bá parí, àwọn ènìyàn dúdú lè má fẹ́ ṣiṣẹ́ fún òun mọ́, ó wá béèrè bóyá wọ́n lè bá òun rí àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ọdún márùn-ún. Wọ́n ní kò sí wàhálà. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún 1838, ọkọ̀ Whitby àti Hesperus gúnlẹ̀ sí Gùyánà pẹ̀lú 396 ènìyàn, díẹ̀ nínú wọn sì lọ sí Vreedenhoop, oko Gladstone.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi jáde. John Scoble, ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà lòdì sí oko ẹrú, lọ síbẹ̀ wò ó ní 1839. Ó gbọ́ pé wọ́n ń na àwọn ará Íńdíà ní Vreedenhoop, wọ́n sì ń fi omi iyọ̀ ra ojú egbò wọn. Wọ́n gbé ògbufọ̀ oko náà lọ sí kóòtù, wọ́n sì dá a lẹ́bi. Ìjọba dá kíkó wọn wá dúró fún ìgbà díẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní 1845, wọn kò sì ṣíwọ́ títí di 1917. Ní gbogbo ìgbà náà, nǹkan bí 240,000 ará Íńdíà ni wọ́n kó wọ Gùyánà. Àwọn ọmọ wọn ni ẹ̀yà tó pọ̀ jù níbẹ̀ lónìí, ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi orílẹ̀-èdè. Ẹni kan ṣoṣo kọ lẹ́tà láti yanjú ìṣòro oko tirẹ̀, ó sì yí ojú odidi orílẹ̀-èdè padà.

William, ọmọ rẹ̀, kí ló mọ̀ nípa rẹ̀?

Ó mọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá àkọ́kọ́ tó sọ nílé aṣòfin, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 1833, oko bàbá rẹ̀ ló fi gbèjà. Lord Howick, aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀, ti sọ pé alábòójútó Vreedenhoop ń fi iṣẹ́ pa àwọn ẹrú, William, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, sì dìde láti dá a lóhùn. Kò sọ pé kí oko ẹrú máa bẹ títí láé. Ohun tó ń wá ni kí ó lọ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì san owó. Ní 1838 ó tún dìde gbèjà ìkọ́ṣẹ́. Kódà ní oṣù kẹwàá 1862, nígbà tó ti di mínísítà owó, ó sọ ní Newcastle pé Jefferson Davis àti àwọn ará gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń jagun nígbà náà kí oko ẹrú má bàa parí, ti dá orílẹ̀-èdè sílẹ̀, ó sì pa dà kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó yí padà bó ṣe ń dàgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé kò mọ ibi tí oúnjẹ ilé wọn ti ń wá.

Liverpool ló ti lówó. Kí ló kan Skọ́tíláǹdì nínú rẹ̀?

Ó kàn án gan-an. Àwọn ará Skọ́tíláǹdì pọ̀ ní Gùyánà débi pé ní etíkun Berbice, apá ìlà-oòrùn Gùyánà, ẹ óò rí abúlé tó ń jẹ́ Alness, Fyrish, Kilcoy, orúkọ ìlú òkè àríwá Skọ́tíláǹdì gbogbo rẹ̀. Kì í sì í ṣe olówó nìkan ló jẹ nínú rẹ̀. Aṣọ ọ̀gbọ̀ gbàgìdì tí àwọn ẹrú ń wọ̀, obìnrin Fife àti Angus ló ń hun ún. Ẹja oníyọ̀ tí wọ́n ń jẹ, láti etíkun Skọ́tíláǹdì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá.

Àwọn kan á sọ pé kóòtù Skọ́tíláǹdì ti kọ oko ẹrú sílẹ̀ láti 1778, nínú ẹjọ́ Joseph Knight, ẹni tí John Wedderburn rà ní Jàmáíkà. Wọ́n dá Knight sílẹ̀ lóòótọ́, adájọ́ ní òfin Skọ́tíláǹdì kò mọ ẹrú. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì nìkan ni ìdájọ́ náà ti lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń gbé Edinburgh lè máa jẹ èrè ẹrú tó wà ní Demerara láìsí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò.

Ṣé ìdílé náà ti tọrọ àforíjì?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2023, igba ọdún lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ Demerara, mẹ́fà nínú wọn lọ sí Yunifásítì Gùyánà ní Georgetown. Charles Gladstone, ọmọ-ọmọ-ọmọ-ọmọ William, ló sọ̀rọ̀ fún wọn. Ó tọrọ àforíjì fún oko ẹrú, ó tọrọ àforíjì fún ti àwọn ará Íńdíà náà, wọ́n sì ṣèlérí £100,000 fún ẹ̀ka ìwádìí kan ní yunifásítì náà. Ààrẹ Irfaan Ali ti sọ ṣáájú pé àforíjì nìkan kò tó, owó ìtanràn gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e, àwọn mìíràn sì gbé pátákó dání níbi ìpàdé náà láti fi hàn pé kò tẹ́ àwọn lọ́rùn. Lójú tèmi, wọ́n ṣe ju ọ̀pọ̀ ìdílé lọ, nítorí wọ́n lọ síbẹ̀ fúnra wọn, John ò débẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ fi £100,000 ti òní sẹ́gbẹ̀ẹ́ £106,769 ti ayé ìgbà yẹn, ẹ ó rí ìdí tí àwọn ará Gùyánà fi ń mi orí.

Ibo la ti lè rí nǹkan wọ̀nyí lójú?

Ní Leith, ẹ lè wo ṣọ́ọ̀ṣì St Thomas tí John Gladstone fi owó rẹ̀ kọ́ ní ọdún 1840 síwájú. Àwọn ẹlẹ́sìn Sikh ló ń lò ó báyìí. Ilé tí wọ́n ti bí William ṣì wà ní Rodney Street ní Liverpool. Yunifásítì Liverpool ti yọ orúkọ Gladstone kúrò lára ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan, wọ́n fi orúkọ Dorothy Kuya, ọmọ dúdú ìlú náà tó jà lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀, rọ́pò rẹ̀. Ní Georgetown, òpópónà tí wọ́n fi orúkọ Gómìnà Murray sọ tẹ́lẹ̀ ti di Quamina Street.

Mo fẹ́ wá ìdílé mìíràn fúnra mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

University College London kó orúkọ gbogbo àwọn tó béèrè owó gbà-máà-bínú sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ orúkọ ìdílé tàbí orúkọ oko, yóò sọ iye ènìyàn àti iye owó fún yín. Ohun tí kò ní sí níbẹ̀ ni orúkọ àwọn ẹrú. Fún ìyẹn, ẹ lọ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹrú tó bẹ̀rẹ̀ ní 1817, tó wà ní ilé ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba ní Kew. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ mú orúkọ oko dání kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí orúkọ oko kì í tètè yí padà bí orúkọ ẹni tó ni ín.